Ọ̀sán Tí Gbogbo Orin Ìyá Olórin Wọ Ilé Mi

Òórùn kùlìkúlì ni mo fi ń rántí ọ̀sán ọjọ́ náà. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Dogarawa, ní Zaria, tó máa ń dín in tà. Bó bá ti gbé agbada kaná báyìí, òórùn òróró ẹ̀pà yóò gba orí ògiri wá bá wa lọ́dẹ̀dẹ̀, yóò wọ inú aṣọ, yóò wọ inú irun, àní omi tí a pọn sínú ìkòkò pàápàá yóò máa ta sánsán ẹ̀pà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ pupa ti mu ún tán, ooru sì tún ti ń rú jáde. Mo jókòó sórí ẹní, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo gbé atẹ ẹ̀wà lé itan, mò ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀, ọ̀rẹ́ mi, pé ìgbà tí ara àgbà bá balẹ̀ tán pátápátá gan-an ni nǹkan máa ń yọ sí i. Ara mi balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo ti ń sá fún láti ọdún pípẹ́ ti wọ kẹ̀kẹ́ ní Hanwa, pé ó ti ń bọ̀ wá kí mi nílé.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé e wá. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Hanwa, ibẹ̀ náà ló gba yàrá sí, ó sì máa ń wá wò mí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìgbéyàwó rẹ̀ ti ń sún mọ́lé nígbà náà, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ di ojú yín."

"Ojú tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà? Ṣé o fẹ́ jẹ òkúta lálẹ́ ni?"

"Haba, Ìyá! Ẹ ṣáà dì í."

Mo dì í. Nígbà tí mo là á, rédíò pupa kékeré kan ló wà níwájú mi, irú èyí tó máa ń jẹ káàdì mẹ́mọ́rì. Ó ní gbogbo orin ìyá olórin ìlú wa ló wà nínú rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ pátá, Ìyá! Ìyá náà ti darúgbó, kò kọrin mọ́, ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣa gbogbo ohun tó ti kọ jọ, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge títí dé ìgbà tó fi orin sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ. A máa mú ọ̀kan nínú ẹ̀ tí wọ́n á fi sìn mí jáde nílé lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Ẹ̀bùn ni, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀bùn tí ọmọ fi ìfẹ́ rà fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àyà mi já. Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà, mi ò mọ èyí tí í ṣe òkúta mọ́.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Mo ní àbúrò obìnrin kan, àbúrò tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n. Ohùn ni Ọlọ́run fún un. Ibi tó ti ń kọrin lódò ni ìyá olórin ìlú wa ti gbọ́ ọ, ló bá wá bẹ àwọn òbí wa, ó sì sọ ọ́ di elégbè rẹ̀. Bí o bá mọ orin ìyá náà dáadáa, wàá rántí ohùn kan tó máa ń yọ lókè lẹ́yìn ègbè, tó máa ń pẹ́ lókè kí ó tó sọ̀kalẹ̀, bí ẹyẹ tó ń wá ẹ̀ka tó máa bà lé. Ohùn àbúrò mi nìyẹn. Àbúrò mi lọ́kọ, ó lóyún, ọmọ wáyé, ìyá rẹ̀ kò dìde. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí kì í gbélé, gbé ìkókó náà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ti Zaria délé. Òun náà kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìgbà yẹn. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti àbúrò mi. O mọ àṣà wa: àgbà kì í rí sàréè ọmọdé, a kì í sì í pe èèyàn jọ nítorí abiyamọ tó kú sí ìkúnlẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní kí n gbé ọmọ, kí n kọjú síbi tí mo ti wá, kí n má wẹ̀yìn. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà náà, ọmú mi kò tíì gbẹ. Kí ọkọ̀ wa tó dé Kaduna, ọmọ náà ti ń mu ún.

Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Chikaji nígbà ayé rẹ̀, sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní: "Ọmọ yìí kò ní gbọ́ nínú ilé mi pé òun kò níyàá. Ìwọ nìyá rẹ̀." Ó parí. Láti ọjọ́ náà, a kò dárúkọ àbúrò mi mọ́. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀ o. Ọmọdé a máa gbọ́ nǹkan, a máa bèèrè, a máa so ọ̀rọ̀ pọ̀. A wá gbé orúkọ rẹ̀ pa mọ́, bí ènìyàn ṣe ń gbé ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ nítorí ọmọ tó ń rá.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ àwọn olórin. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọrùn gbé, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa pe ìyá olórin wá sí Sabon Gari, wọ́n sì ṣe àpèjọ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan. Èmi náà lọ, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Àṣà àwọn olórin ilẹ̀ wa ni pé wọn kì í rí ojú tí wọ́n mọ̀ láwùjọ kí wọ́n fò ó. Ó ń ki ọlọ́lá kan lọ́wọ́, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí mi, ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn mi, ló bá fi ọlọ́lá sílẹ̀. Ó ní kí n wá síwájú. Ó bi mí ní oríkì ọmọ náà. Mo ní Àmọ̀kẹ́. Ó sì kọ orin kan lójú ẹsẹ̀, fún elégbè rẹ̀ tó kú, fún ọmọ tó fi sílẹ̀, fún ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọmọ náà. Àwọn ọkùnrin ńláńlá ń fi agbádá nu ojú. Ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Nígbà tó yá, orin náà jáde pẹ̀lú àwọn orin rẹ̀ mìíràn, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Ọkọ mi kò rà á. A kò gbọ́ ọ nínú ilé wa rí. Àwọn tó mọ ìtàn náà, àwọn kan padà sílé, àwọn kan kú, àwọn tó kù fi ọ̀wọ̀ pa ẹnu mọ́. Téèpù lọ, sídì pẹlẹbẹ dé, òun náà lọ. Mo rò pé orin náà ti bá wọn lọ.

Ó wá wà níwájú mi báyìí, nínú nǹkan tí kò tó èékánná ọwọ́ mi. Mi ò sì mọ ibi tó wà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Mo dà bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà lóde ọlọ́de, tí eyín rẹ̀ ti kan òkúta lẹ́ẹ̀kan, tó wá ń jẹ ìyókù jẹ́jẹ́, tó ń retí èkejì. Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a máa ń pe ìyá ìyàwó kí ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, kí ó súre fún un. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ọmọ yìí bá gbọ́, ọjọ́ náà yóò gbé ojú sókè wò mí, yóò rí àlejò. Mo ti sin òbí méjèèjì, mo ti sin ọkọ, mo ti rí rògbòdìyàn ní ìlú yìí tí a sá wọ bárékè àwọn sójà láìwọ bàtà. Ẹ̀rù kò bà mí tó ti ọ̀sán yẹn rí.

Ó tẹ rédíò. Ìyá olórin bú sórin pẹ̀lú ohùn ọmọge, ohùn tí ayé kò tíì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ orin kan, èkejì, ni ègbè bá gbà á. Ohùn àbúrò mi sì yọ lókè. Orí mi wú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé, mi ò gbọ́ ohùn náà mọ́. Àfi bí ọmọ mi, tó jókòó tì mí, tó ti ń bá mi ṣa ẹ̀wà, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbè é. Kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ó kàn ń fi imú hùn ún ni, ṣùgbọ́n ibi tí ìyẹn gbé ń gòkè lòun náà gbé ń gòkè, ibi tí ìyẹn gbé ń pẹ́ lòun náà gbé ń pẹ́. Ohùn kan náà ni, ọ̀kan nínú rédíò, ọ̀kan lórí ẹní mi.

"Ìyá, ohùn ta nìyẹn? Èyí tó wà lókè yẹn. Kai, ó dùn o!"

"Elégbè ni," mo ní. "Àwọn elégbè rẹ̀ pọ̀."

Orin kan ń lọ, òmíràn ń dé. Ìyá olórin ń dàgbà létí wa. Ó kọ orin ọdẹ, ó kọ orin àwọn àgbẹ̀ tí òjò dá dúró, ó kọ èyí tó fi bú orogún rẹ̀ tí gbogbo wa fi ń jó nígbà kan. Ní gbogbo ìgbà tí orin kan bá parí, tí rédíò bá dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú òmíràn, n óò di etí atẹ mú. Bí mo bá ti gbọ́ pé ìlù ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ariwo èèyàn ní pápá, n óò mí. N óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de òmíràn.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Àlàájì fi yọ lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò wa ni, ará Ìlọrin tí wọ́n bí sí Zaria, télọ̀ tó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ nítorí ojú. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

"Ìyá ìyàwó! Ẹ̀yin ń jayé nínú ilé yìí, ẹnì kan kò wá pè mí?"

"Ẹ káàsán, Bàbá Àlàájì," ọmọ mi kúnlẹ̀. "Sannu da zuwa."

"Yauwa, ìyàwó wa. Sọ fún ọkọ ẹ pé bí kò bá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, kò rí ẹ gbé lọ. Èmi ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù tó o wọ̀ lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Èyí tí apá kan gùn ju ìkejì lọ?"

"Apá ẹ ló gùn ju ara wọn lọ, kì í ṣe aṣọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ya ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín jáde. Mo rí àyè, mo ní: "Ẹ jẹ́ ká pa á ná, kí bátìrì rẹ̀ má baà kú."

"Ó kún fọ́fọ́, Ìyá."

"Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀."

"Orí ẹ̀yin obìnrin kì í fọ́ àfi bí orin bá dùn," ni Àlàájì wí, ó fa àga onígi mọ́dìí. "Ẹ má pa á. Ẹ dúró ná! Orin kan ń bẹ o, èyí tó kọ níbí, ní Sabon Gari, lójú wa kòrókòró! Gbogbo wa la sunkún. Ọjọ́ yẹn ni ìyá yìí..."

Ó nawọ́ sí mi. Ojú rẹ̀ bá tèmi pàdé. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà nínú orí rẹ̀. Ó wo ọmọ mi, ọmọge ńlá tó ń lọ sílé ọkọ, ó tún wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

"Ọjọ́ yẹn ni kí ni, Bàbá?"

"Ọjọ́ yẹn," Àlàájì ní, "ọjọ́ yẹn ni òjò rọ̀. Òjò ńlá."

Ló bá dìde, ó ń wá fìlà tó wà lórí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun.

"Ìrun wo?" ọmọ mi bi í. "Wọn ò tíì pe alásárì."

"Mo fẹ́ tètè dé ni." Ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ pátipàti, bí ẹni tí ajá ń lé. Àgbà ọkùnrin fi mí sílẹ̀ sínú iná náà, ó lọ.

Kò tíì débi kankan tí orin náà fi dé. Mo mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ nínú rédíò, afẹ́fẹ́ ìta gbangba, ariwo èèyàn, ọmọdé kan tó ń ké. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá olórin, ohùn tó ti gbó, tó ti ṣọ̀fọ̀. Kò sí ègbè.

Àmọ̀kẹ́, ẹ̀ka tó so ọ́ ti wọ́,
Elégbè mi relé, kò gbe orin mọ́.
Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló gba èso kó tó kanlẹ̀.
Ọmú kan gbẹ, ọmú kan sun;
Wàrà kì í bèèrè ẹni tó rọbí.

Ọmọ mi fò sókè. "Ìyá! Wallahi, oríkì mi ló ń pè! Àmọ̀kẹ́ ló wí! Ẹ gbọ́ ọ?" Ó pàtẹ́wọ́, ó dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, o mọ̀ wọ́n. Yorùbá ilé ni wọ́n gbọ́, Yorùbá ẹ wá jẹun, ẹ lọ wẹ̀. Hausa ni wọ́n fi ń ṣeré, òun ni wọ́n fi ń jà, òun ni wọ́n fi ń lá àlá. Ó gbọ́ oríkì rẹ̀, ó gbọ́ ọmú, ó gbọ́ ẹ̀gbọ́n, kò rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

"Kí ló ń sọ lẹ́yìn Àmọ̀kẹ́ yẹn? Yorùbá ẹ̀ jinlẹ̀ jù mí lọ. Ẹ túmọ̀ ẹ̀ fún mi, Ìyá."

Ṣé o rí i? Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń bẹ̀rù pé yóò gbọ́, ó sì gbọ́, kò gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ṣí fún mi. Irọ́ ti wà lórí ahọ́n mi, ó ti gbó, ó ku kí n tu ú jáde: àdúrà ló ń ṣe, ó ń ṣàdúrà fún gbogbo ọmọ tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́. Mo ya ẹnu. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ọmọ mi gbá rédíò mọ́ àyà.

"Èyí ni mo fẹ́," ó ní. "Mi ò wá òmíràn mọ́. Èyí tó pe oríkì mi ni wọ́n máa fi sìn mí jáde nílé."

Mo rí ọjọ́ náà lójú mi. Mo rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti ìlú wá, àwọn àgbà tí Yorùbá wọn jinlẹ̀, mo rí àwọn àna tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún, mo rí ọmọ mi tó ń jó bọ̀ lábẹ́ ìbòjú, tó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo agbo sì ń gbọ́ ohun tí rédíò ń wí, àfi òun nìkan. Ẹnì kan yóò dà á sí i létí, àlejò kan, àǹtí kan tí ẹnu rẹ̀ kò dúró. Ìbẹ̀rù méjì ló wá dì mí mú, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò sì sí ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá, kò jáde. Èdè tí mo fi kọ́ ọ ní orúkọ ara rẹ̀, tí mo fi ń kì í láràárọ̀, kò jẹ́ kí n lò ó fún ọ̀rọ̀ yẹn. Hausa ló jáde lẹ́nu mi.

"Ba ni na haife ki ba," mo ní. Kì í ṣe èmi ni mo bí ọ. "Ƙanwata ce." Àbúrò mi ni.

Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan, bí ẹni tó ń dúró kí àwàdà parí. Ó wo ojú mi. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Mo wá túmọ̀ orin náà fún un, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bó ṣe bẹ̀ mí. Mo sọ ẹ̀ka, mo sọ èso, mo sọ ọmú. Mo sọ fún un pé elégbè tí ohùn rẹ̀ dùn mọ́ ọn nínú àwọn orin àkọ́kọ́, àbúrò mi náà nìyẹn.

"Ta ló mọ̀?" ó bi mí.

"Àwọn àgbà."

"Bàbá Àlàájì?"

"Ó mọ̀."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi sá." Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé atẹ ẹ̀wà kúrò lórí itan mi, ó ṣa ìyókù tán pátápátá, kò wo ojú mi. Ó da ẹ̀wà sínú omi, ó fọ ọwọ́, ó mú rédíò. "Mo ń lọ, Ìyá," ó ní. Ó pè mí ní Ìyá, ṣùgbọ́n mi ò lè mọ̀ bóyá ọkàn rẹ̀ ló pè é tàbí ẹnu tó ti mọ́ lára.

Ìbẹ̀rù ọ̀sán yẹn, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́: òun wà dáadáa, òun fẹ́ dá nìkan wà. Mo ń ka ọ̀rọ̀ kékeré náà títí ojú fi ń dùn mí, mò ń wá ibi tí Ìyá wà nínú rẹ̀, kò sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró níta, n óò dìde. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kùlìkúlì ló ń lọ. Oúnjẹ ń korò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ mi tó ti kú jà nínú ọkàn mi: ìwọ lo ní kí a má sọ ọ́, wá gbà á báyìí. Lẹ́yìn náà n óò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlàájì wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ gbèsè.

"Ìyá ìyàwó, mo sá lójú ogun."

"Ẹsẹ̀ yín yá, Àlàájì. Mi ò mọ̀ pé orúnkún yẹn ṣì lè ṣiṣẹ́."

"Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi." Ó wo ilẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ní nǹkan lẹ́nu, ó sì gbé e mì. "Ọmọ náà á wá. Ẹ ní sùúrù." Ó lọ, kò jókòó.

Ó sì wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, mò ń ká aṣọ lórí okùn. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé rédíò lọ́wọ́, ó wé gèlè bí ìyàwó ilé. Mo di aṣọ mú. Mo rò pé ó wá sọ fún mi ẹni tí yóò jókòó sí ipò ìyá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó rìn débi tí mo wà, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé omi kíkún, tó ń ṣọ́ra kí ó má dà sílẹ̀:

"Ìyá, ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí lórí ikú àbúrò mi. Nílé, òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í kí ẹ̀gbọ́n. Ní Zaria, bí wọ́n bá kí mi, ọmọ yóò gbọ́. Mo ti gba ìkíni fún bàbá mi, fún ìyá mi, fún ọkọ mi, àwọn èèyàn kún ilé, ẹní kò tó. Fún ẹni tí mo pọ̀n, tí mo kọ́ ní ìrìn, kò sí ẹnì kan. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ ló wá kí mi. Ó wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun lọ bá Àlàájì, òun bi í pé kí ni àwọn èèyàn wa máa ń sọ fún ẹni tí àbúrò rẹ̀ kú. Àlàájì kọ́ ọ, ó pè é lọ, ó pè é bọ̀, títí ó fi mọ ọ́n sọ.

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹkún àgbà tí a máa ń fi etí aṣọ nù. Mo jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, mo ké bí ọmọdé, ẹlẹ́kùlìkúlì sì yọ orí lókè ògiri, ó ní "Subhanallah, kí ló dé?" Ọmọ mi ní kò sí nǹkan, pé òkú ló kú fún wa. Ẹlẹ́kùlìkúlì bèèrè pé nígbà wo. Ọmọ mi ní ó ti pẹ́.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ọmọ mi bi mí nígbà tí mo dákẹ́. Mo sọ ọ́. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, ó ṣì ń ṣe ẹlẹgẹ́ lẹ́nu mi. Ó pè é tẹ̀ lé mi, kò gbé àmì rẹ̀ dáadáa, mo tún un ṣe fún un. Ó ní òun ti fi orin yẹn sílẹ̀, pé òun yóò mú orin àwọn àgbẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó, nítorí ó dùn ún jó. Ó ní ti Àmọ̀kẹ́ wà fún èmi àti òun. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí àbúrò mi fẹ́ràn láti jẹ, bóyá ó máa ń bínú, bóyá ó ga. Ẹnu yà mí pé mo rántí gbogbo rẹ̀. Ó ga. A máa bínú bí ìjì, kì í pẹ́ tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Lónìí, bí mo bá jókòó tí mo ronú sí i, mo mọ̀ pé mo ṣi nǹkan mú fún ọdún púpọ̀. Mo rò pé ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé ọmọ mi yóò fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi kò ní ibi tó ń lọ. Ọmọ tó mu ọmú mi láàárín ọ̀nà Kaduna, níbo ni yóò lọ? Ẹni tó ti lọ ni mò ń sá fún. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, tí mi ò pe orúkọ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ṣì wà nílé, pé ó ń kọrin lódò, pé èmi ni mo kàn rìnrìn àjò. Ọ̀fọ̀ tí a kò kí ènìyàn fún kì í lọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí bí àlejò tí a kò fún ní ìjókòó, a ó sì máa pè é ní ẹ̀rù.